Ẹsẹ̀ Iwájú Dọ́káàsì

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 1979 ni. Yìnyín ti ń bọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó ti dì sórí pákó afárá gígùn tó wọ inú òkun ní Skelsea, ìlú etíkun kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, atẹ́gùn àríwá sì ń fẹ́ láti orí omi bí ẹni ń fi abẹ gé ènìyàn létí. Bí mo bá ní oòrùn kò yọ rárá, irọ́ ni. Ó yọ díẹ̀ lọ́sàn-án, ó ràn bí ojú ẹni tí kò rí oorun sùn, ó sì padà wọlé. Mo kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ nítorí pé àwọn kan ń sọ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ṣẹlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ilé eré wa wà ní ìparí afárá yẹn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé orí òkun ni ènìyàn yóò rìn kí ó tó débẹ̀. Eré Kérésì là ń ṣe, irú èyí tí ọkùnrin máa ń ṣe ìyá nínú rẹ̀, tí àwọn ọmọdé sì máa ń pariwo dá òṣèré lóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń ṣe é lójúmọ́, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí mò ń wí yìí, ó ti rẹ gbogbo wa dé egungun. Cyril Moxon, tó ń ṣe Ìyá Oníwàrà, a máa tòògbé lórí ìdúró, pẹ̀lú ọmú òwú láyà rẹ̀ àti irun pupa rẹ̀ lórí. Èmi, Ivy, ni mò ń tọ́jú aṣọ. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ mi ni láti máa de ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ Dọ́káàsì.

Dọ́káàsì ni màlúù inú eré náà. Tọkọtaya kan ló wà nínú rẹ̀. Norris Sugden ni orí àti ẹsẹ̀ iwájú; Dilys, ìyàwó rẹ̀, ni ìdí àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Tiwọn ni awọ màlúù tí wọ́n ń wọ̀ náà. Bàbá Norris ló ti rán an, òun náà ni orí rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ibikíbi tí wọ́n bá sì ti ń wá màlúù nígbà òtútù ni wọ́n máa ń gbé e lọ nínú àpótí ńlá kan. Ẹni iwájú ló ń ríran, láti inú àwọ̀n dúdú kékeré tó wà lọ́rùn màlúù. Òun ló ń fa àwọn okùn tó ń ṣí ojú, tó ń gbọn etí, tó sì ń la ẹnu. Ẹni ẹ̀yìn kò rí nǹkan kan. Yóò tẹ̀ ba, yóò di bẹ́líìtì ẹni iwájú mú, yóò máa tẹ̀lé e, yóò sì máa fa okùn ìrù nígbà tó bá yẹ. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nínú màlúù. Bí ẹni iwájú bá yí ìbàdí sápá kan, ẹ̀yìn yóò yí pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹni ẹ̀yìn bá fa bẹ́líìtì, iwájú gbọ́dọ̀ dúró. Òfin tó wà láàárín wọn kò ju ìyẹn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òrùlé ilé eré bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Yìnyín orí rẹ̀ ló ń yọ́, omi sì ń kán sí àárín ìtàgé gan-an, níbi tí Ìyá Oníwàrà máa ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí láti fún wàrà. Míìsì Farrow, tó jẹ́ olórí wa lórí ìtàgé, ní kí wọ́n gbé korobá síbẹ̀, kí wọ́n fi koríko bò ó, kí wọ́n sì sún àpótí síwájú. Ó pe àwọn òṣèré jọ. Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sílẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa o. Kò sí níbẹ̀ yẹn mọ́. Ibí ló wà báyìí." Gbogbo wọn mirí. Norris náà mirí. N kò sí níbẹ̀. Cyril ló sọ fún mi, ó sì búra pé òun rí i tó mirí.

Ìdí tí n kò fi sí níbẹ̀ ni pé èmi àti Dilys wà nínú yàrá aṣọ, à ń lẹ ìrù Dọ́káàsì tó fẹ́ já. Dilys mu tíì rẹ̀ tán, ó wo ìsàlẹ̀ ife náà títí.

Ó ní, "Ivy, ojú Norris ti lọ."

"Ó lọ síbo?"

"Ó lọ. Ọ̀tún ti lọ nígbà ooru. Òsì ń tẹ̀lé e. Láàárọ̀ yìí, ó kí ẹ̀wù òjò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, 'Ẹ káàárọ̀ o, Míìsì Farrow.'"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Mo bi í léèrè pé báwo wá ni Dọ́káàsì ṣe ń jó láìjábọ́.

"Èmi ni mò ń darí ẹ̀. Mò ń fi àtàǹpàkò tì í níbàdí, bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́. Òun náà, tó bá ti fẹsẹ̀ kan àpótí Cyril, á máa ka ìṣísẹ̀ ẹ̀ látibẹ̀."

"Ìwọ tó ò rí nǹkan kan lò ń darí ẹ̀?"

"Èmi tí mi ò rí nǹkan kan. Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Dọ́káàsì nìkan ló ríran, ìgò sì lojú tiẹ̀."

Mo sọ fún un pé kí ó lọ bá Míìsì Farrow kí wọ́n tó ṣubú. Ó ní òun mọ̀. Ó ní Norris ti bẹ òun pé kí òun jẹ́ kí eré ọdún yìí parí, nítorí pé màlúù tí wọ́n bá kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé láàárín eré, kò sẹ́ni tí yóò ránṣẹ́ pè é lọ́dún tó ń bọ̀. Orí màlúù nìkan ni iṣẹ́ tí Norris mọ̀ láti kékeré. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó di bàbá arúgbó kan tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò lè wo ìta.

Dilys ní, "Ó ti rẹ̀ mí, Ivy. Ẹ̀yìn mi ti tẹ̀, kò fẹ́ nà mọ́. Tá a bá ṣe eré ọ̀sán yìí tán, màá lọ sọ fún Míìsì Farrow. Mo ti bá ara mi pinnu ẹ̀."

Mo ní kó má gbàgbé. Ó ní, "Ta ló lè gbàgbé?" Ìrù ti lẹ̀. Agogo dún.

Mo dè wọ́n mọ́ inú awọ náà ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Norris dúró ṣanṣan bí ìgbà gbogbo, irun rẹ̀ funfun, ó ti fi òróró pa á.

Ó ní, "Dilys, ṣé o ti jẹun?"

"Mo jẹ bisikíìtì."

"Má jẹ àlùbọ́sà ní tìrẹ. Èmi ni mò ń gba atẹ́gùn."

"Kí ni èmi tí mo wà lẹ́yìn ẹ ń gbà láti ọjọ́ yìí? Mo ti sọ̀rọ̀ rí?"

Norris rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ jáde. Dilys ló mú orí Dọ́káàsì, tó gbé e sí i lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ti rò pé ìfẹ́ ni.

Ilé kún lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ tí yìnyín há mọ́lé ni àwọn òbí wọn kó wá, gbogbo wọn ń rùn bí irun àgùntàn tútù, ohùn wọn sì lè fọ́ àwo. Nígbà tí ìran wàrà dé, Cyril jókòó lórí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn èrò, ó ń sunkún pé òun yóò ta Dọ́káàsì nítorí ebi. Dọ́káàsì yóò yọ́ wá, yóò fẹsẹ̀ kan àpótí, yóò sì jó yí ìyá náà ká, lọ síwájú, padà sẹ́yìn. Ìyá kò gbọdọ̀ rí i. Bí àwọn ọmọ bá pariwo pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà, ibòmíràn ni yóò wò. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gbọ́dọ̀ ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ Cyril nìyẹn láti ìgbà tí ó ti wà léwe, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nìyẹn. Ariwo ọmọdé, oúnjẹ wa ni. Bí ó bá pọ̀, a ó tún fi kún ohun tí à ń ṣe.

Norris fẹsẹ̀ kan àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó síwájú bó ṣe máa ń jó. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ló ń lọ. Ṣùgbọ́n àpótí ti sún, ìtàgé wa sì dagẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn èrò bí gbogbo ìtàgé àtijọ́, kòtò àwọn olórin sì wà ní ẹnu rẹ̀, ó jìn.

Àwọn ọmọ tó wà níwájú ló kọ́kọ́ rí i. "Ó wà lẹ́yìn ẹ!" yí padà lẹ́nu wọn, ó di, "Ó fẹ́ já sí kòtò!"

Cyril kò yíjú. Ó gbé ohùn ìyá wọ̀. "Rárá o, kò ní já sí kòtò!"

"Yóò já!"

"Kò ní já!"

"Yóò já!"

Ilé ń mì. Àwọn òbí ń rẹ́rìn-ín. Nínú màlúù, Norris gbọ́ ariwo tí kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ láti Kérésì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tó yá pé inú òun dùn, pé òun rò pé àwọn ọmọ ọjọ́ yẹn mọ eré í ṣe. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi tí mo wà ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, mo mọ ohun tí ojú mi ń rí, síbẹ̀ mo dúró bí ère, nítorí pé ẹnikẹ́ni tí kò sí nínú ìran kò gbọdọ̀ jáde sínú iná ìtàgé.

Dilys ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú òkùnkùn yẹn, òun gbọ́ ọmọ kan tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Eré kọ́ ni ọmọ náà ń ṣe. Ó ń sunkún. Dilys fa bẹ́líìtì. Norris kò dúró. Ó ti pẹ́ tí Dilys ti ń tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún láti ẹ̀yìn, kò sì mọ̀ mọ́ èyí tó túmọ̀ sí dúró nínú gbogbo rẹ̀. Dilys wá ṣe ohun kan tí kò sí nínú eré. Ó jókòó sílẹ̀. Ó jókòó gbì pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀, ó sì fa ọkọ rẹ̀ wó lé ara rẹ̀ lórí. Ẹsẹ̀ iwájú Dọ́káàsì kan dúró sórí afẹ́fẹ́, lókè kòtò. Atẹ-dùùrù tó wà nísàlẹ̀ sọ pé òun gbójú sókè, òun rí pátákò kan lókè orí òun, orin sì kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Ìgbà tí dùùrù dákẹ́ ni Cyril tó yíjú. Ó wo màlúù. Ó wo ẹnu ìtàgé. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà lábẹ́ ẹfun. Ó dìde, ó di ìwo Dọ́káàsì mú, ó sì wọ́ ọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí àwọn ọmọ, kò lo ohùn ìyá, ohùn ara rẹ̀ ló lò.

"Òótọ́ lẹ sọ," ó wí. "Ẹ ṣé."

Láti ìgbà tí mo ti ń tọ́jú aṣọ, n kò tíì gbọ́ kí ìyá inú eré Kérésì kan gbà pé àwọn ọmọdé sọ òótọ́. Omi òrùlé ń kán sínú korobá.

Nígbà tí wọ́n ta aṣọ ìkélé fún ìsinmi, Míìsì Farrow ti dé ẹ̀gbẹ́ ìtàgé kí n tó tú ìkọ́ tán. Obìnrin kúkúrú kan ni, kì í pariwo. Norris jókòó lórí àpótí ẹrù, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀.

Ó ní, "Àpótí yẹn ni. Wọ́n sún àpótí, wọn ò sún un dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ nǹkan í gbé sípò. Ta ló gbé orí mi?"

Míìsì Farrow ló mú orí Dọ́káàsì dání, ó gbé e síwájú Norris gan-an, ìwo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án láyà.

"Mo ní ta ló gbé orí mi? Dilys?"

Dilys ń wo ilẹ̀. Míìsì Farrow gbé orí náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́ síbi ẹsẹ̀ Norris.

"Norris," ó ní, "láti ìgbà wo?"

Norris gbọ́ ibi tí ohùn náà ti wá. Ó gbọ́ bí orí ṣe kan pákó. Ó mọ̀ nígbà náà. Ó fi ọwọ́ pa irun rẹ̀.

"Ó pẹ́ díẹ̀," ó wí.

"Mo fẹ́ wá sọ fún yín tẹ́lẹ̀," ni Dilys wí. "Lónìí gan-an. Ivy lè jẹ́rìí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Míìsì Farrow. Ó sọ bẹ́ẹ̀."

Míìsì Farrow kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní òun yóò mú ọmọkùnrin méjì nínú àwọn oníjó kí wọ́n wọ awọ náà fún apá kejì. Norris gbé ojú sókè.

"Kò sẹ́ni tó ń wọ awọ yẹn àfi àwa."

"Ó dáa, màá yọ màlúù kúrò."

Cyril ti ń pààrọ̀ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, yẹ̀rì mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Ó ní, "Èmi tí mo ta màlúù níwájú wọn, tí mo ṣèlérí pé màá rà á padà. Kí ni kí n wá rà? Ewúrẹ́?"

"Bọ́ sẹ́yìn, Norris," ni Dilys wí.

"Kí lo sọ?"

"Bọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ò nílò ojú. Èmi tí mò ń dúró níbẹ̀, ojú wo ni mo fi ń ṣe é?"

"Bàbá mi ni orí màlúù yìí. Èmi ni orí ẹ̀. Ará ilé Sugden kankan ò tíì ṣe ìdí rí."

"Ìyàwó Sugden ń ṣe é. Ṣé ìdí ti pa mí?"

Cyril kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Míìsì Farrow wo aago rẹ̀.

"O ò mọ okùn ojú ẹ̀," ni Norris wí. "O ò mọ okùn etí."

"Màá fa èyí tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́."

"Á dà bíi wèrè."

"Á dà bí màlúù. Norris, gbọ́ mi. Mi ò lágbára àtijà. Tó o bá fẹ́ ká máa lọ sílé, ká máa lọ. Mo fẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n tá a bá máa ṣe é, mi ò tún ní fi ẹ̀yìn wakọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi ni màá wà níwájú. Tó ò bá bọ́ síbẹ̀, màá fẹsẹ̀ méjì péré jáde, kí àwọn ọmọ máa béèrè ohun tó jẹ ìyókù."

Agogo àkọ́kọ́ dún. Dilys ti tẹ̀, ó ti gbé orí náà, ó ń wá ibi tí yóò ki ọwọ́ bọ̀. Ojú mi kò kúrò lára Norris. Ó jókòó pẹ́ lórí àpótí ẹrù náà, ó ń fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ awọ níbi tí bàbá rẹ̀ ti fi òwú pupa rán an. Mo ti ń ronú pé ilé ni wọn yóò lọ.

Ó ní, "Dilys. Nínú lọ́hùn-ún, báwo lo ṣe máa ń mọ ibi tó o máa lọ?"

"Mò ń di bẹ́líìtì ẹ mú ni."

"Kò ju ìyẹn lọ?"

"Kò ju ìyẹn lọ."

Ó dìde. Ó bọ́ bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, bẹ́líìtì awọ àtijọ́ tí ọwọ́ Dilys ti tẹ̀ ní ẹ̀yìn, ó nà án jáde sínú afẹ́fẹ́ títí ìyàwó rẹ̀ fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí Dilys lára po lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ ńlá de ìyókù. Norris ga jù fún ẹ̀yìn. Mo tú ojú rírán lábẹ́ ikùn, mo fi aṣọ ìkélé àtijọ́ kan kún un, ó pọ́n ju awọ lọ, kò sì sí àkókò láti ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ó gbóná níbí," ni mo gbọ́ láti inú.

"Mo ti ń sọ ọ́ fún ẹ," ni iwájú dáhùn.

Dọ́káàsì jáde. Kì í ṣe màlúù tí mo mọ̀. Iwájú ń rìn kúkúrú, ẹ̀yìn ń rìn gígùn. Dilys fa okùn kan, ojú òsì sì pa dé, kò sì ṣí mọ́ títí eré fi parí. Ìrù ń gbọn nígbà tí kò yẹ, lẹ́yìn náà yóò dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kó gbọn. Àwọn ọmọ pariwo nígbà tí wọ́n rí i. Nígbà tí Cyril ra màlúù rẹ̀ padà, tí ó sì jókòó tì í pẹ̀lú ẹ̀yìn sí àwọn èrò, ọmọ kan pè é pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà. Cyril ronú díẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn kíákíá láti rí ibi tí ẹsẹ̀ Dọ́káàsì wà, kí ó tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Dọ́káàsì kò jó. Ó rìn dé àárín ìtàgé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ korobá, ó dúró, ó sì tẹrí ba. Ẹ̀yìn tẹ ba lẹ́yìn tí iwájú ti dìde. Lẹ́yìn náà, wọ́n yí padà lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, wọ́n wọlé, ọwọ́ ńlá méjì sì di bẹ́líìtì mú nínú awọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí Dilys fi sọ nígbà tí mo tú u pé òun kò lè mí.

Norris jókòó sílẹ̀, òógùn ń kán ní imú rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ nípa orí. Ó béèrè bóyá tíì ṣì kù, ó sì béèrè ìgbà tí eré ìrọ̀lẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Míìsì Farrow sọ fún un. Ó ní kí n ṣe àfikún ikùn yẹn dáadáa kí ó tó di ìgbà náà, kí n wá àwọ̀ tó bá a mu.

Àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé nígbà tí mo tú Dọ́káàsì nìyí: Norris Sugden àti Dilys ìyàwó rẹ̀, Cyril Moxon, ó ti bọ́ irun pupa rẹ̀, Míìsì Farrow, èmi, Ivy Thackray. Atẹ-dùùrù wá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó wò wọ́n, ó sì padà sísàlẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn.